Lẹ́yìn Ọdún Kìíní Láìmutí: Bí Ẹ Ó Ṣe Máa Ṣọ́ Ara Yín Lóde, Nílé àti Nídìí Àgbo

Ẹni tó bá ń jáwọ́ nínú ọtí máa ń rí ìrànlọ́wọ́ púpọ̀ ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Ará ilé ń ṣọ́ ọ, pásítọ̀ tàbí àáfà ń pè é, wọ́n ti kó gbogbo ìgò kúrò nílẹ̀. Tó bá di ọdún kejì tàbí ọdún karùn-ún, ojú ti kúrò lára rẹ̀. Ara ti le, owó ti ń wọlé, kò sẹ́ni tó ń bi í léèrè mọ́. Ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń padà sídìí ìgò, kì í sì í ṣe pé wọ́n dìídì pinnu rẹ̀. Ibì kan ló ṣí sílẹ̀ tí wọn kò ṣọ́. Àwọn ibi tó máa ń ṣí sílẹ̀ yẹn la fẹ́ fi hàn yín, fún ẹ̀yin tí ẹ ti lo ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ṣì ń mu lójoojúmọ́ kò gbọdọ̀ tìtorí ohun tó kà níbí dáwọ́ dúró lójijì nílé. Ìdí rẹ̀ wà nísàlẹ̀.

Òde

Ẹ jẹun nílé kí ẹ tó jáde, oúnjẹ gidi tó yó yín. Lóde ìsìnkú tàbí ìgbéyàwó, ọtí sábà máa ń dé orí tábìlì ṣáájú ìrẹsì, ikùn tó ṣófo sì máa ń tan ọkàn jẹ: ebi ló ń pa yín, ẹ ó rò pé ọtí ló ń wù yín.

Ẹ gbé ọkọ̀ tiyín lọ, tàbí kí ẹ fi owó ọkọ̀ àbọ̀ sápò ọ̀tọ̀. Ẹni tó bá wọ mọ́tò ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò ní lè kúrò títí ọ̀rẹ́ yóò fi mu tán. Ẹ dá aago tí ẹ ó kúrò kí ẹ tó jáde nílé, kí ẹ sì sọ ọ́ fún ẹnì kan. Wákàtí méjì tó láti kí olóde, jẹun, ya fọ́tò, kí ẹ sì fún wọn ní ohun tí ẹ mú wá. Ẹ ti kúrò kí olórin tó bẹ̀rẹ̀ sí í ki èèyàn. Bí wọ́n bá ti ń náwó fún onífújì, kò sẹ́ni tó ń ka ìgò mọ́.

Bí ẹ bá ti jókòó, ẹ tètè gba nǹkan sọ́wọ́, torí ife tó ṣófo ni ẹni tó ń pín ọtí ń wá kiri. Mọ́ọ̀tì, mínírà, omi oníke, èyí tó bá wù yín, ṣùgbọ́n kí ẹ̀yin fúnra yín ṣí i. Bí ẹ bá dìde lọ tọ̀, ẹ má mu ìyókù tí ẹ bá nínú ife. Bíà dúdú àti mọ́ọ̀tì jọra nínú ife, ẹni tó jókòó ti yín sì lè ti bá yín rọ ọ́ kún tìfẹ́tìfẹ́. Ní ti bíà tí wọ́n sọ pé kò ní ọtí nínú, a kò gbà yín níyànjú. Òmíràn nínú rẹ̀ ní tó ìdá 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n kì í ṣe iye yẹn ló ń dẹ́rù bà wá. Òórùn rẹ̀, ìfóófòó rẹ̀, bí ìgò tútù ṣe rí lọ́wọ́, gbogbo rẹ̀ ni ọpọlọ ẹni tí ọtí ti di bárakú fún rí kò tíì gbàgbé.

Ẹ ti mọ ohun tí ẹ ó sọ kí wọ́n tó fi ọtí lọ̀ yín. Fún àgbà: “Ẹ ṣé o, bàbá. Mo ti fi í sílẹ̀. Mọ́ọ̀tì ni kí wọ́n bá mi gbé wá.” Fún ẹgbẹ́ yín: “Mi ò mutí mọ́,” kí ẹ sì bi í nípa àwọn ọmọ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. “Mò ń lo oògùn” rọrùn láti sọ, ṣùgbọ́n oògùn máa ń tán. Ẹni tó gbọ́ ọ lónìí yóò tún gbé ìgò wá lóṣù tó ń bọ̀. Ẹ má ṣàlàyé jù. Bí ẹ bá ti ń ṣàlàyé, ẹ ti jẹ́ kó di ọ̀rọ̀ tí wọ́n lè bá yín jiyàn lé lórí.

Ibi tó le jù ni ìdí àdúrà. Níbi ìdána àti ìsọmọlórúkọ, ọtí lè wà lára ohun tí wọ́n fi ń wúre, kí wọ́n sì ní kí olúkúlùkù fi kan ẹnu. Ẹ má dúró títí ife yóò fi dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ pe alága tàbí àgbà tó máa ṣe àdúrà ní ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ sọ fún un pé omi, oyin, obì àti orógbó ni ẹ ó fi kan ẹnu. Àgbà tó mọ àṣà kò ní bínú. Òun náà ló ń wúre pé ẹnikẹ́ni kì í bómi ṣọ̀tá. Bí ẹ bá gbàgbé pè é, ẹ gba ife, ẹ ta díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn baba ńlá, kí ẹ sì gbé e fún ẹni tó kàn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì tó ń fi wáìnì gidi ṣe oúnjẹ alẹ́ Olúwa, ẹ rí àlùfáà ṣáájú kí ẹ lè gba búrẹ́dì nìkan.

Ọtí tí kò jọ ọtí

Gbogbo ayé mọ ohun tó wà nínú paraga. Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀ ni àgbo tí èèyàn rà nítorí jẹ̀díjẹ̀dí, ẹ̀yìn dídùn tàbí ibà. Egbò kan náà ni wọ́n lè fi omi sè, tí wọ́n sì lè fi ògógóró rẹ. Kí ìyá alágbo tó bù ú, ẹ bi í pé, “Omi lẹ fi ṣe é ni àbí ọtí?” kí ẹ sì gbóòórùn rẹ̀. Ó sàn kí ẹ ra egbò àti èèpo gbígbẹ, kí ẹ fi omi sè é nílé, kí ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀. Àgbo tó ní èèpo ọ̀pẹ̀yìnbó nínú máa ń kan bó bá ti lo ọjọ́ mélòó kan láìsè é padà, kíkan yẹn sì lè sọ ṣúgà inú rẹ̀ di ọtí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹmu. Wọ́n máa ń wí pé ẹmu òwúrọ̀ kì í ṣe ọtí. Irọ́ ni. Láti ìgbà tí oje ti ń kán sínú akèrègbè lókè ọ̀pẹ ni ìwúkàrà ti wọ inú rẹ̀. Kí adẹ́mu tó sọ̀ kalẹ̀, ọtí díẹ̀ ti wà nínú rẹ̀, tó bá sì di ìrọ̀lẹ́, ó ti ń sún mọ́ agbára bíà.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ọtí inú ọ̀rá nítorí kíkéré rẹ̀. Ọ̀rá 30 mililítà tó ní ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún gbé mililítà 12 ọtí gidi. Ìgò bíà ńlá, 600 mililítà, tó ní ìdá 5, gbé 30. Ọ̀rá mẹ́ta ju ìgò bíà kan lọ, àpò àyà ẹ̀wù sì gba mẹ́ta láìsí ẹni tó máa fura.

Ẹ ka ara páálí oògùn ikọ́ kí ẹ tó rà á. Òmíràn ní ọtí nínú. Ẹni tí dókítà fún ní disulfiram, oògùn tí kì í jẹ́ kí ara gba ọtí, gbọ́dọ̀ ka tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìwọ̀nba ọtí inú àgbo tàbí inú oògùn ikọ́ lè mú kí ojú rẹ̀ pọ́n, kí àyà rẹ̀ máa lù kìkì, kó sì máa bì. Èyí lè ṣẹlẹ̀ títí di ọjọ́ 14 lẹ́yìn tó bá ti dá oògùn náà dúró.

Owó, oorun àti àwọn wákàtí tó ṣófo

Ọjọ́ tí àjọ bá kàn yín, tàbí tí àjẹẹ́lẹ̀ owó oṣù bá wọlé, ẹ ti pín owó náà lórí ìwé ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Owó ilé ìwé, gbèsè, owó ilé: ẹ fi í ránṣẹ́ lọ́jọ́ tó bá wọlé, kí ó má sùn mọ́ yín lọ́wọ́.

Láàárín àwọn ẹgbẹ́ tí àwọn tó ń jáwọ́ nínú ọtí ti ń ran ara wọn lọ́wọ́, bíi Alcoholics Anonymous, tó bẹ̀rẹ̀ ní Akron ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1935, wọ́n máa ń ní kí èèyàn bi ara rẹ̀ ní nǹkan mẹ́rin bí ọtí bá ń wù ú: ṣé ebi ń pa mí, ṣé inú ń bí mi, ṣé mo dá wà, ṣé ó ti rẹ̀ mí? A ó fi ìkarùn-ún kún un fún àwa Yorùbá: ṣé inú mi ń dùn jù? Ìgbéga níbi iṣẹ́, ọmọ tuntun, ilé tuntun, gbogbo rẹ̀ la máa ń fi ọtí wẹ̀. Ẹ ti ṣètò bí ẹ ó ṣe yọ ayọ̀ yẹn kí ó tó dé.

Bí ọtí bá ń fà yín lọ́kàn, kì í sábà le ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ kó tó máa rọlẹ̀. Ẹ kúrò níbi tí ẹ wà, ẹ mu omi, ẹ jẹ nǹkan, ẹ pe ẹnì kan. Ẹ má jókòó máa bá a jà níbẹ̀.

Oorun lè má tọ́ fún oṣù púpọ̀ lẹ́yìn tí ọtí ti kúrò lára. Ẹ má torí rẹ̀ ra oògùn oorun bíi diazepam lọ́wọ́ oníkẹ́mísì, torí òun náà máa ń di bárakú kíákíá. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún yín tàbí yọ eyín yín, ẹ sọ ìtàn yín fún dókítà kó tó kọ oògùn ìrora. Bó bá jẹ́ pé tramadol tàbí codeine ló pọndandan, kí ẹlòmíràn nínú ilé máa tọ́jú rẹ̀, kó máa fún yín ní ti ọjọ́ kan lẹ́ẹ̀kan.

Ẹnì kan ṣoṣo

Ní Arò, l'Abẹ́òkúta, ní àwọn ọdún 1950, Dókítà Adéoyè Lambo ṣètò pé kí aláìsàn ọpọlọ máa gbé láàárín ará abúlé pẹ̀lú ìbátan kan tó bá a wá. Ọgbọ́n ìbátan kan yẹn bá ọ̀rọ̀ wa mu. Bí gbogbo ẹbí bá ń ṣọ́ yín, wọ́n á máa gbóòórùn ẹnu yín, wọ́n á máa ka owó àpò yín, ẹ ó sì kọ́ bí a ṣe ń fi nǹkan pamọ́. Ẹ yan ẹnì kan tí ẹ lè sọ òótọ́ fún, kó máa bi yín lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, lọ́jọ́ kan náà: “Báwo ni ọ̀rọ̀ ọtí ṣe rí lọ́sẹ̀ yìí?” Kó má bi yín pé, “Ṣé o ò tíì mu?” Ìbéèrè yẹn kì í sábà mú òótọ́ jáde.

Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Kí ọtí tó dé ẹnu, àwọn nǹkan kéékèèké ti máa ń ṣáájú rẹ̀: ẹ kì í gbé ìpè ẹni yẹn mọ́, ẹ ń gba iwájú ìsọ̀ àtijọ́ kọjá láìnídìí, ẹ ra ìgò kan sílé “torí àlejò,” ẹ ń rántí adùn ọtí ṣùgbọ́n ẹ kò rántí èébì rẹ̀. Bí méjì nínú wọn bá ti pàdé, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Bí ẹ bá mu

Ẹ sọ ọ́ fún ẹni yín kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú. Àṣírí ló ń sọ ife kan di oṣù mẹ́fà. Àwọn ọdún tí ẹ ti lò kò ṣòfò. Ẹ wá ibi tó ṣí sílẹ̀, kí ẹ dí i.

Ẹni tó bá jẹ́ pé oògùn bíi tramadol, codeine tàbí heroin ni bárakú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kó gbọ́ èyí dáadáa: lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìlò ó, ara kò lè gba iye tó ń gbà mọ́. Iye àtijọ́ lè pa á lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo.

Bí ọtí bá sì ti di ojoojúmọ́ padà, ẹ má dáwọ́ dúró lójijì nílé. Láàárín wákàtí 6 sí 48 lẹ́yìn ife ìkẹyìn, ọwọ́ lè máa gbọ̀n, òógùn lè máa bò yín, gìrì sì lè gbé yín. Tó bá di ọjọ́ kejì sí ìkẹrin, ẹlòmíràn máa ń rí ohun tí kò sí níbẹ̀, ibà á gbà á, ọkàn rẹ̀ á dàrú. Ó ń pa èèyàn. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ lọ, kí ẹ sì sọ fún nọ́ọ̀sì pé ọ̀mùtí lẹ jẹ́ kí wọ́n tó fa omi ṣúgà sí yín lára, kí wọ́n lè fún yín ní fítámì B1 ṣáájú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ iye tí ẹ ń mu bá yín lọ, kó mú ìgò tàbí ọ̀rá náà dání.