Silent Hill 2 ń ṣẹ́jú sí yín: àwọn àṣìṣe tí kì í jẹ́ kí ẹ rí i

Ọdún 2001 ni Silent Hill 2, géèmù fídíò tó ń dẹ́rù bani, kọ́kọ́ jáde. Ọjọ́ kẹjọ oṣù Ọ̀wàwà ọdún 2024 ni àtúnṣe rẹ̀ dé. Ilé iṣẹ́ Bloober Team tó wà ní Kraków, lórílẹ̀-èdè Pólándì, ni Konami tó ni géèmù náà gbé iṣẹ́ náà fún. Ìtàn náà ò kúrò lójú kan: James Sunderland gba lẹ́tà lọ́wọ́ Mary, ìyàwó rẹ̀ tó ti kú, ó wá a lọ sí ìlú tí kùrukùru bò. Ṣùgbọ́n wọ́n fi oríṣiríṣi ìrántí àtijọ́ pamọ́ síbẹ̀ fún àwa tí a gbá ti àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń sáré kọjá lára wọn bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ já sílẹ̀.

Àṣìṣe tó burú jù ni kí ẹ ṣí àkójọ ibi tí gbogbo ìrántí náà wà kí ẹ tó gbá géèmù náà parí lẹ́ẹ̀kan. Àbúrò mi ṣe é lójú mi, pádì lórí itan, fóònù lọ́wọ́. Àwọn ibì kan wà tó jẹ́ pé ní 2001, iṣẹ́ gidi ni èèyàn ń ṣe níbẹ̀. Nísinsìnyí, James á fọwọ́ kàn án, ojú tẹlifíṣọ̀n á gbọ̀n, ohùn kan á dún, ó tán. Kò sí ọta ìbọn, kò sí oògùn, kò sí kọ́kọ́rọ́. Ẹni tó bá rántí, ara rẹ̀ á bù máṣọ. Àbúrò mi kàn fàmì sí i lórí fóònù ni, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó ku mélòó?"

Ẹ̀yin tí ẹ rántí náà, ẹ má gbójú lé ìrántí jù. Ní 2001, ẹyọ owó mẹ́ta la fi ń já àlọ́ kan tó ní ihò márùn-ún; àwòrán arúgbó, ejò àti ẹlẹ́wọ̀n ló wà lára wọn. Mo wọlé tayọ̀tayọ̀, ìdáhùn ti wà lórí mi. Ọkùnrin, obìnrin àti ejò ni mo bá níbẹ̀, ẹyọ owó tuntun yìí ṣeé yí ojú padà, ewì tó ń darí èèyàn náà sì ń yí bí ẹ bá ṣe ń já a. Ojú àlọ́ àtijọ́ ni wọ́n fi sílẹ̀, wọ́n ti pààrọ̀ inú rẹ̀. Mo jókòó síbẹ̀ pẹ́.

Àwọn fọ́tò inú géèmù náà ńkọ́? (Ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́ àṣírí wọn, kó fo ìpínrọ̀ yìí.) Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n, wọ́n fọ́n wọn ká ìlú, ọ̀rọ̀ ṣókí wà nísàlẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àṣìṣe tí gbogbo wa ṣe ni pé ọ̀rọ̀ yẹn nìkan la kà, tí a sì ju fọ́tò sí báàgì. Ọ̀rọ̀ sùnnùkùn, ojú sùnnùkùn la fi ń wò ó: ohun kan pàtó tó pọ̀ nínú àwòrán ló yẹ ká ka iye rẹ̀. Bó bá jẹ́ mẹ́fà, lẹ́tà kẹfà nínú ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ la ó mú. Lẹ́tà 26 náà wá di gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan tó túmọ̀ sí pé, "Ó ti di ogún ọdún tí o ti wà níbí." Nǹkan bí oṣù méjì lẹ́yìn tí géèmù náà jáde ni ẹnì kan tó já a kéde rẹ̀, Mateusz Lenart tó darí iṣẹ́ náà sì jẹ́rìí sí i. Ta ni wọ́n ń bá wí? Àwọn kan ní James ni, pé ó ń yí po ojú kan. Èmi rò pé àwa ni.

Ẹ má sì wá àwọn ìparí ẹ̀fẹ̀ géèmù náà, ìyẹn ìparí ajá tàbí ti UFO (ọkọ̀ àwọn ará ayé mìíràn), nígbà àkọ́kọ́ tí ẹ ń gbá a. Ẹ ò ní rí i. Ẹ parí rẹ̀ ná, kí ẹ tó tún un bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú New Game+, ìyẹn ọ̀nà àtigbá a lẹ́ẹ̀kan sí i fún ẹni tó ti parí rẹ̀.

Ó ku àwọn tó ń rí àmì níbi gbogbo. Akira Yamaoka ló ṣe orin ti 2001, òun náà ló ṣe ti tuntun. Masahiro Ito tó ya àwọn abàmì ẹ̀dá náà tún padà wá. Bí nǹkan kan bá jọ ti àtijọ́, ó lè jẹ́ pé ọwọ́ kan náà ló ṣe é, kì í ṣe pé wọ́n fi nǹkan pamọ́.

Bí ẹnì kan tí kò gbá ti àtijọ́ rí bá sì jókòó tì yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má máa tọ́ka, ẹ má máa ṣàlàyé. Nígbà tí mo dé ìparí ajá, ìyàwó mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo ti ń la ẹnu láti sọ ìtàn 2001 fún un nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, tí a rí ajá náà níwájú ẹ̀rọ tó fi ń darí gbogbo nǹkan. Ó yí sí mi: "Ṣé gbogbo bí ẹ̀rù ṣe ń bà mí láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá yìí, ajá ló wà nídìí ẹ̀?"