Bí mo ṣe yẹ fóònù "5G" wò ní Ìkẹjà kí n tó sanwó

Àwọn tó ń ta fóònù ní Computer Village, Ìkẹjà, ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ "5G" ń tajà. Wọ́n ń kọ ọ́ sára páálí, wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì ṣọ́ọ̀bù, òun ni wọ́n sì fi ń pe oníbàárà láti ojú títì. Bẹ́ẹ̀ àwọn kan wà nínú fóònù tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ tí kò lè gbé 5G kankan ní Nàìjíríà títí láé. Ó ń dùn mí, torí owó tí àwọn èèyàn wa fi ń ra nǹkan wọ̀nyí kì í ṣe owó tí wọ́n he nílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ránṣọ ní Ìbàdàn ló ní kí n bá òun ra ọ̀kan. Ó máa ń fi fídíò aṣọ ránṣẹ́ sáwọn oníbàárà rẹ̀ tó wà lókè òkun, ẹnì kan sì ti sọ fún un pé tó bá ti lè ní fóònù 5G, wàhálà fídíò tí kì í lọ bọ̀rọ̀ ti tán. Ọjà tòkúnbọ̀ ni owó ọwọ́ rẹ̀ ká. Bí mo ṣe yẹ ọjà náà wò ni mo fẹ́ sọ, kí ẹni tó bá fẹ́ ra tirẹ̀ lè tẹ̀ lé e.

Kí n tó kúrò nílé ni mo ti wá ìdí ohun tó ń jẹ́ 5G nílẹ̀ yìí. Ní oṣù Kejìlá 2021, àjọ NCC, tó ń mójú tó iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, ta ìgbì rédíò tó wà ní 3.5 GHz fún ilé iṣẹ́ MTN àti Mafab, mílíọ̀nù 273.6 dọ́là sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dá lé e. MTN bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn èèyàn ní 5G ní 2022, Airtel sì tẹ̀ lé e ní 2023. Ìgbì 3.5 GHz yẹn ni àwọn tó ń ṣe fóònù ń pè ní n78. Torí náà, "5G" nìkan kọ́ ni ohun tí mo ń wá lára fóònù. N78 ni mo ń wá. Rédíò tó jẹ́ pé AM nìkan ló ní kò lè gbé FM, bó ti wù kí ilé iṣẹ́ rédíò náà súnmọ́ ilé ẹni tó.

Ibí yìí ló ti ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú, torí ẹni tó ń tajà lè má purọ́ rárá, kí ọjà náà má sì wúlò fún ẹ. Púpọ̀ nínú fóònù tòkúnbọ̀ ló ti Amẹ́ríkà wá. Lọ́hùn-ún, ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọọ̀kì T-Mobile ń lo n71 àti n41. Verizon, tóun náà jẹ́ ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọọ̀kì, bẹ̀rẹ̀ 5G tirẹ̀ lórí àwọn ìgbì tó ga gan-an, irú n260 àti n261, tí kì í kọjá ògiri. Fóònù tí wọ́n ṣe fún àwọn yẹn, 5G ni lóòótọ́. Àmọ́ tí wọn ò bá fi n78 sí i, 4G lásán ni yóò máa gbé lọ́dọ̀ wa, ẹni tó rà á á sì máa bú nẹ́tíwọọ̀kì lójoojúmọ́.

Ní ṣọ́ọ̀bù tí mo kọ́kọ́ yà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé Samsung Galaxy A32 jáde. "Ọ̀gá mi, 5G nìyí o, kò lábùlà. Ẹ wo páálí ẹ̀." Lóòótọ́, "Galaxy A32 5G" ló wà lára páálí náà gàdàgbà.

A32 méjì ló wà, 2021 ni àwọn méjèèjì jáde. Ọ̀kan jẹ́ 4G, nọ́ńbà rẹ̀ ni SM-A325F. Èkejì jẹ́ 5G, SM-A326B ni tirẹ̀. Ẹ̀yìn wọn fara jọra gan-an. Ibi tí a ń tẹ̀ka sí láti ṣí fóònù ni ẹ máa wò: ti 4G, abẹ́ gíláàsì ojú rẹ̀ ló wà; ti 5G, bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ tí a fi ń tàn án ni. Ojú ti 4G gan-an ló tún mọ́lẹ̀ jù, AMOLED ni wọ́n fi ṣe é, ojú ti 5G kò sì tó o. Èyí ló mú kí ẹ̀tàn náà rọrùn. Ẹni tó bá ń fojú lásán ra ọjà, 4G yẹn ni yóò mú, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀ pé òun ló dáa jù, á sì san owó 5G lé e lórí.

Mo fọwọ́ pa ẹ̀gbẹ́ fóònù náà. Bọ́tìnnì tẹ́ẹ́rẹ́ lásán ni mo bá, kò sí ojú ìka lára rẹ̀. Mo wọ Settings, mo lọ sí About phone: SM-A325F. Mo tẹ *#06#, IMEI, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù kọ̀ọ̀kan, jáde, díjíìtì 15. Kò bá ti ara páálí mu. Páálí fóònù mìíràn ni wọ́n gbé e sí. Mo padà sí Settings, mo wọ Connections, mo wọ Mobile networks, mo tẹ Network mode. Tó bá jẹ́ 5G ni, 5G ni ìlà àkọ́kọ́ ibẹ̀ yóò fi bẹ̀rẹ̀. LTE ni tirẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀, LTE yẹn sì ni 4G.

"Àbúrò, wá wo ibí yìí," mo ní. "5G dà níbẹ̀?"

"Ẹ kàn máa ṣe update tẹ́ ẹ bá délé ni, ọ̀gá mi. Á jáde."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Módẹ́ẹ̀mù àti áńtẹ́nà ni 5G nílò nínú fóònù, ilé iṣẹ́ tó ṣe é ló ń tò wọ́n sínú rẹ̀ kó tó jáde. Ẹ̀yà ara fóònù kì í gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wọlé. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi ń ta iPhone 11 àti XR. iPhone 12, tó jáde ní oṣù Kẹwàá 2020, ni iPhone àkọ́kọ́ tó ní 5G. Èyíkéyìí tó ṣáájú rẹ̀, 4G ni yóò máa gbé títí tí yóò fi bàjẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àwọn ọmọ ọjà wa nìkan ló ń ṣe irú èyí. Ní 2012, ilé ẹjọ́ ní Ọsirélíà bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 2.25 dọ́là ilẹ̀ wọn lé Apple lórí, torí pé wọ́n polówó iPad kan pé 4G ni, nígbà tí kò lè bá 4G ilé iṣẹ́ Telstra tó wà nílẹ̀ níbẹ̀ ṣiṣẹ́. Ìgbì wọn kò bára mu, bí ti n78 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ní 2019 ẹ̀wẹ̀, ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọọ̀kì AT&T ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí fóònù 4G máa kọ "5G E" sókè ojú rẹ̀. 4G tí wọ́n tún ṣe ni. Ìgbà tí mo ti mọ èyí ni mi ò ti fi àmì orí fóònù nìkan ṣe ẹ̀rí mọ́.

Mo kúrò lọ́dọ̀ ọmọkùnrin náà. Ìyá kan ló ni ṣọ́ọ̀bù tí mo ti rí ohun tí mo fẹ́. Mo sọ fún un pé mo máa yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa o. Ó ní, "Ọmọ mi, tẹ gbogbo ohun tó o bá fẹ́ tẹ̀. Tí kò bá dáa, má rà á." Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí gbogbo oníṣòwò máa sọ nìyẹn. SM-A326B ló wà nínú fóònù, òun náà ló wà lára páálí, IMEI wọn sì bára mu. Mo tẹ SM-A326B náà sínú Google lórí fóònù tèmi, mo wo àwọn ìgbì tó ń gbé: n78 wà níbẹ̀.

Ó ku síìmù. Fóònù lè ní ohun gbogbo kí ilé iṣẹ́ tó kọ́kọ́ tà á lókè òkun sì ti tì í pa, tí kò ní gba síìmù elòmíràn. Mo yọ síìmù tèmi, mo fi í sínú rẹ̀, mo pe ènìyàn, mo ní kí ẹni náà pè mí padà. Mo tún fi í sí ihò kejì, mo ṣe bákan náà. Lẹ́yìn náà mo bẹ ìyá náà kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé mi jáde sí gbangba, torí nẹ́tíwọọ̀kì máa ń rọ̀ láàárín àwọn ilé tó há mọ́ra wọ̀nyẹn. 5G yọ lójú rẹ̀. Mo ṣí ojúlé tí wọ́n fi ń wọn ìyára íntánẹ́ẹ̀tì, mo wọ̀n ọ́n lórí 5G, mo yí Network mode sí LTE, mo tún un wọ̀n níbi tí mo dúró sí. Ti 5G fi ti LTE sílẹ̀ pátápátá.

Kí n tó sanwó, mo ní kí wọ́n kọ nọ́ńbà SM-A326B, IMEI, ọ̀rọ̀ náà "5G", àti pé tòkúnbọ̀ ni, sórí rìsíìtì. Ẹ má fi èyí ṣeré. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti 2018, tí àjọ FCCPC ń mójú tó, kò fàyè gba kí ẹni tó ń tajà fi irọ́ polówó, ó sì ní dandan ni kó jẹ́ kí oníbàárà mọ̀ tí ọjà bá jẹ́ èyí tí wọ́n ti lò rí. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fẹnu sọ lójú títì, wọ́n lè sẹ́ ẹ. Èyí tó wà lórí rìsíìtì kò ṣeé sẹ́. Tó bá sì jẹ́ ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọọ̀kì fúnra rẹ̀ ló ṣèlérí ohun tí kò fún yín, tí ẹ pè wọ́n tí wọn ò dáhùn, 622 ni nọ́ńbà NCC.

Ẹ̀gbọ́n mi ti ń lò ó. Òótọ́ tí mo sọ fún un kó tó rán mi ni pé fóònù kì í gbé 5G wá síbi tí òpó 5G kò sí, ohun tó sì rí nìyẹn: ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, 4G ló ń gbé, 5G kàn máa ń yọ tí yóò tún lọ ni. Ìwákiri yẹn ń jẹ bátìrì, torí náà mo ní kó fi Network mode sórí LTE tó bá wà níbi iṣẹ́. Tó bá ní fídíò ńlá láti fi ránṣẹ́, á dúró di ìgbà tó bá ń lọ ra òwú àti aṣọ láàárín ìgboro, níbi tí 5G ti dúró dáadáa, á dá a padà sórí 5G, á sì fi í ránṣẹ́ láti ibẹ̀.