Bí a ṣe ń la kéèsì kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kí atẹ́gùn lè wọ̀ ọ́, kí ojú rẹ̀ sì fani mọ́ra

Kí ẹnikẹ́ni tó gbé dírílù, ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá kéèsì gan-an ló jẹ̀bi. Ẹ gbé HWiNFO, ètò tó ń fi ìwọ̀n ooru inú kọ̀ǹpútà hàn, sórí Windows, ẹ ṣí iṣẹ́ tó máa ń mú kọ̀ǹpútà yín gbóná, ẹ jẹ́ kó ṣe é fún 20 ìṣẹ́jú, kí ẹ sì kọ ìwọ̀n ooru CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) àti ti káàdì àwòrán sílẹ̀. Ẹ wá yọ ìdérí ẹ̀gbẹ́ kéèsì, ẹ tún un ṣe. Bí ooru bá fi ìwọ̀n Celsius 8 tàbí 10 wálẹ̀, kéèsì ló ń fún un lọ́rùn. Bí kò bá ju 2 tàbí 3 lọ, ẹ má wulẹ̀ gé nǹkan kan: eruku tó dì mọ́ heatsink (irin tó ń gba ooru kúrò lára CPU), tàbí thermal paste (lẹ́ẹ̀ tó wà láàárín méjèèjì) tó ti gbẹ, ni kí ẹ bá wí. Ẹ fi spirit nu ti àtijọ́ kúrò, ẹ fi tuntun tó tó hóró ẹ̀wà kan sí àárín CPU, ẹ de heatsink padà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti ra fáànù mẹ́ta mẹ́rin nígbà tó jẹ́ pé èyí nìkan ni iṣẹ́ tó yẹ kí wọ́n ṣe.

Kéèsì gàgàrà tó ń bá Dell OptiPlex àti HP Compaq tòkunbọ̀ wá, irú èyí tó kún Computer Village n'Íkẹjà, là ń sọ níbí. Ọ́fíìsì tó ní ẹ̀rọ amúlétutù ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Nínú yàrá tí ooru rẹ̀ ti tó ìwọ̀n 32, tí ẹni tó rà á tún ki káàdì géèmù bọ̀ ọ́, fáànù kan ṣoṣo tó wà lẹ́yìn kò lè dá a ṣe. Kì í ṣe pé fáànù yẹn kò lágbára. Iwájú ló dí. Ike bò ó, irin tó wà lẹ́yìn ike kò ní ju ihò wẹ́wẹ́ díẹ̀ lọ, àgò hard disk sì tún dábùú ọ̀nà. Atẹ́gùn tí kò rí ibi wọlé, kò sí fáànù tó lè fà á jáde. Nítorí náà, iwájú la ó kọ́kọ́ là.

Ẹ wá fáànù 120 mm méjì, dírílù, bíìtì 3 mm, 3.5 mm àti 4.5 mm, fáìlì tó tẹ́ lójú kan tó sì yọ ikùn lójú kejì, sáńpépà 180, 240 àti 400, tépù oníbébà tí àwọn pẹ́ńtà ń lò, àti awò tó bo ojú dáadáa. Ayùn róbótó tí wọ́n ń pè ní hole saw, ti 114 mm, ìyẹn ínǹṣì mẹ́rin àbọ̀, ló ń gé ihò fáànù 120 mm. Kò pọn dandan kí ẹ rà á. Púlọ́ńbà tó ń de páìpù ínǹṣì mẹ́rin lè ní irú rẹ̀, ẹ yá a.

Ẹ tú gbogbo nǹkan inú kéèsì: motherboard (pátákó ńlá tí gbogbo nǹkan so mọ́), PSU (àpótí tó ń pín iná), hard disk, wáyà bọ́tìnnì, gbogbo rẹ̀ pátá. Kò sí “màá fi ọ̀rá bò ó” nínú iṣẹ́ yìí. Ẹ̀rúnrún irin tó bá bọ́ sábẹ́ motherboard á so iná pọ̀ níbi tí kò yẹ, ọjọ́ tó bá sì wù ú ló máa jó o. Kí ẹ tó tú wáyà bọ́tìnnì iwájú, ẹ ya fọ́tò bó ṣe wọ̀, torí Dell àti HP ní ètò tiwọn tó yàtọ̀ sí ti motherboard tí ẹ ń rà lọ́jà.

Ríbẹ́ẹ̀tì ló sábà máa ń di àgò hard disk mú. Ẹ fi bíìtì 3.5 mm lu orí ríbẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan títí orí rẹ̀ á fi já, ẹ wá fi ìṣó tì í síta. Bó bá jẹ́ SSD (irú hard disk kékeré tí nǹkan kan kì í yí nínú rẹ̀) lẹ ń lò, tépù olójú méjì tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀ kéèsì ti tó o.

Wíwọ̀n ni ibi tí iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́ jù. Ẹ lẹ tépù oníbébà bo irin iwájú, orí rẹ̀ ni kí ẹ ya àmì sí. Ihò síkúrù fáànù 120 mm fi 105 mm jìnnà síra. Ẹ ya onígun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ 105 mm, ẹ fa ìlà láti igun dé igun. Ibi tí ìlà méjèèjì ti pàdé ni àárín. Ìlà méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ 148.5 mm. Bí ọ̀kan bá gùn ju èkejì lọ, igun yín ti wọ́, síkúrù kan kò sì ní wọlé. Bí fáànù méjì bá máa jókòó léra wọn, láti àárín ọ̀kan dé àárín èkejì gbọ́dọ̀ tó 122 mm. Fún àwọn fáànù yòókù: 140 mm ń lo 124.5, 92 mm ń lo 82.5, 80 mm sì ń lo 71.5. Ẹ tún rántí pé fáànù nípọn tó 25 mm: ẹ wọn gígùn káàdì àwòrán kí ẹ tó gé nǹkan kan, kí ó má lọ jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá ń tò ó padà lẹ ó mọ̀ pé kò gbà á mọ́.

Ẹ fi ìṣó àti òòlù tẹ àmì àárín kí bíìtì má baà yọ̀, ẹ fi 3 mm lù ú ná. Ẹ gbé pákó sẹ́yìn irin, ẹ fi kíláǹpù de méjèèjì pọ̀, kí ẹ tó gbé hole saw sí i. Ẹ jẹ́ kó máa yí díẹ̀díẹ̀, ẹ máa kán epo ẹ́ńjìnnì sí i, ẹ má fi tipátipá tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá sáré, eyín rẹ̀ á gbóná, á sì kú. Irin tí kò ju nǹkan bíi mílímítà kan lọ yìí á há mọ́ ọn lẹ́nu, á sì yí dírílù mọ́ yín lọ́wọ́. Nígbà tí dírílù bá ń yí, ẹ má wọ ìbọ̀wọ́, torí ó lè ká a mọ́ra pẹ̀lú ìka. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ gbé irin tí ẹ ti gé ni ìbọ̀wọ́ wúlò. Ihò síkúrù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bíìtì 4.5 mm ni.

Bó bá jẹ́ panẹ́bítà lẹ fẹ́ gbé e fún, ẹ kìlọ̀ fún un kó má fi gáàsì gé e. Ooru gáàsì á wọ́ irin náà, ìdérí ẹ̀gbẹ́ kò sì ní bá a mu mọ́.

Ẹ fi ikùn fáìlì pa etí ihò, ẹ fi sáńpépà 180 tẹ̀ lé e. Kí ẹ lè mọ̀ bó ti dán tó, ẹ fi òwú wọ́ etí rẹ̀ yíká: ibi tí òwú bá ti há, ó ṣì mú níbẹ̀, á sì gé wáyà bó pẹ́ bó yá. Rọ́bà etí ilẹ̀kùn mọ́tò, tí àwọn tó ń ta ọ̀ṣọ́ mọ́tò ń tà, wọ ihò yìí dáadáa, ó sì bo gbogbo àbùkù fáìlì. Ẹ wá fi omi ọṣẹ fọ gbogbo kéèsì, ẹ sá a kó gbẹ.

Ní ti ẹ̀yìn, irin oníhò wẹ́wẹ́ tó wà níwájú fáànù ń dí atẹ́gùn lọ́wọ́, ó sì ń fa ariwo. Ẹ fi sísọ́ọ̀sì irin gé e kúrò, ẹ fi ìbòjú onírin róbótó tí wọ́n ń tà fún fáànù dípò rẹ̀ kí ọmọdé má baà ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Àmọ́ ẹ fi fáànù ẹ̀yìn tó bá kọ̀ǹpútà wá sílẹ̀ níbi tí ẹ ti bá a. Púlọ́ọ̀gì fáànù Dell míì ní ihò márùn-ún, kò bá ti ọjà mu. Bí HP náà kò bá rí fáànù rẹ̀, á máa gbé àṣìṣe 512 jáde nígbàkúùgbà tí ẹ bá tàn án.

Ọ̀dọ̀ PSU ni kí fáànù tuntun ti gba iná. Àwọ̀ wáyà máa ń tan èèyàn jẹ níbí: wáyà pupa fáànù ni ó ń fẹ́ 12 volt, ṣùgbọ́n wáyà pupa PSU, 5 volt ló ń gbé. Yẹ́lò PSU ni 12 volt. Pupa fáànù sí yẹ́lò PSU, dúdú sí dúdú. Ẹni tó bá so pupa mọ́ pupa á rí fáànù tó ń fà gọ̀ọ́gọ̀ọ́ tàbí tí kò yí rárá, á sì máa bú ẹni tó tà á fún un. Bí ẹ bá sì fẹ́ so ó mọ́ motherboard, ẹ ka iye amp tó wà lára fáànù: púlọ́ọ̀gì kan kì í sábà gbà ju 1 amp lọ.

Ẹ̀gbẹ́ fáànù tí ike apá mẹ́rin àti sítíkà wà ni atẹ́gùn ń gbà jáde. Ní iwájú kéèsì, ẹ̀gbẹ́ yẹn gbọ́dọ̀ kọjú sínú. Ẹ fi tíṣù wò ó kí ẹ tó dè é pa: ó gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ iwájú.

Fáànù méjì tó ń fà wọlé, ẹyọ kan tó ń lé jáde: ètò yìí ló dára jù nílẹ̀ wa, torí atẹ́gùn tó pọ̀ nínú á máa wá ọ̀nà jáde ní gbogbo ojú kéèsì, eruku kò sì ní ríbi gbà wọlé àfi ojú fáànù, ibẹ̀ sì ni kí ẹ fi asẹ́ tó ń gba eruku sí. Nẹ́ẹ̀tì wíńdò fẹjú jù fún eruku ọyẹ́. Sítọ́kìn obìnrin tí ẹ nà mọ́ férémù wáyà dára jù ú lọ, ṣùgbọ́n ó tètè ń dí; ẹ máa fọ̀ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lásìkò ọyẹ́. Ihò orí kéèsì wọ́pọ̀ nínú fídíò, àmọ́ gbàrà tí NẸ́PÀ bá ti mú iná lọ, eruku á máa bọ́ gba ibẹ̀ sórí motherboard. Ẹ fi sílẹ̀.

Kíkùn ló kàn. Ẹ fi sáńpépà 240 pa dídán ojú kéèsì, ẹ fi 400 tẹ̀ lé e, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Primer, ìyẹn ọ̀dà ìpìlẹ̀, ló ń ṣáájú. Láìsí i, ọ̀dà á máa ṣí kúrò. Ẹ di agolo mú ní 25 sí 30 cm sí irin, kí ọwọ́ máa lọ kó máa bọ̀ láìdúró, ìpele fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́ta, 10 sí 15 ìṣẹ́jú láàárín ọ̀kan sí èkejì. Ẹni tó bá fẹ́ kó bò lẹ́ẹ̀kan náà ni ọ̀dà rẹ̀ ń ṣàn wálẹ̀. Lásìkò òjò, ọ̀rinrin á pa dídán ọ̀dà, á sì fi àbàwọ́n funfun sílẹ̀. Lásìkò ọyẹ́, eruku á lẹ̀ mọ́ ọn, nítorí náà ẹ wọ́n omi sílẹ̀ yàrá kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dà àwọn tó ń kun mọ́tò ló dára jù. Bí ẹ bá débẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń fi àwọ̀ tó wù yín kun mọ́tò, ìyókù inú ìbọn wọn tó kéèsì kan.

Kí ẹ tó kùn ún, ẹ lẹ tépù bo ibi tí motherboard, PSU àti káàdì ti ń kan irin. Ọ̀dà kì í gbé iná, ara irin yìí sì ni earth ń gbà.

Bó bá jẹ́ wíńdò lẹ fẹ́, Perspex 3 mm, ike tó mọ́ gaara bíi gíláàsì, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe sáìnbọ́ọ̀dù ti tó. Ẹ má yọ ọ̀rá ara rẹ̀ títí iṣẹ́ á fi parí. Ẹ fi rúlà àti kọ́tà fa ìlà kan náà léraléra títí á fi jìn, ẹ wá gbé e sí etí tábìlì kí ẹ ṣẹ́ ẹ. Ẹ jẹ́ kó fi 20 mm tóbi ju ihò lọ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ ni tépù olójú méjì á lẹ̀ mọ́. Ẹ má fi tínà tàbí spirit nù ún. Á là wẹ́wẹ́. Wíńdò kì í mú nǹkan tutù o. Bí káàdì àwòrán yín bá ṣì ń gbóná, irin oníhò wẹ́wẹ́ bí asẹ́ níbẹ̀ sàn ju Perspex lọ.

Iná LED 12 volt, yẹ́lò àti dúdú PSU náà ló ń lò. Àmì sísọ́ọ̀sì tó wà lẹ́yìn gílóòbù mẹ́ta-mẹ́ta ni kí ẹ ti gé e. Mítà kan irú 5050 tó ní gílóòbù 60 ń jẹ nǹkan bíi 14.4 watt, irú 3528 kò ju 4.8 lọ, òun ni kí ẹni tó ń lo inverter rà.

Ẹ tò ó padà, ẹ tún ìdánwò 20 ìṣẹ́jú yẹn ṣe pẹ̀lú ìdérí rẹ̀ ní pípadé. Bí ooru kò bá wálẹ̀, ẹ yẹ ojú fáànù wò bóyá ọ̀kan kọjú síbi tí kò yẹ, ẹ wo wáyà tó dábùú, kí ẹ sì fi ó kéré tán 10 cm sáàárín ẹ̀yìn kéèsì àti ògiri. Bí fáànù iwájú bá ń súfèé, ó ti sún mọ́ ike iwájú jù: ẹ fi wáṣà gbé e sẹ́yìn bíi 5 mm.