Ọ̀rá Inú Eegun Ehoro Fẹ́rẹ̀ẹ́ Yọ Mí Lẹ́mìí

Owó gọbọi ni mo san fún àkójọ eegun ehoro kan tí wọ́n ní ó ti mọ́ tónítóní, kí n lè tò ó pọ̀ kó dúró bí odindi ehoro. Nígbà tó dé, ó pupa rúsúrúsú, ó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Mo fi èékánná kan eegun ìhà, ó rún bí ẹfun. Bílíìsì, kẹ́míkà tí a fi ń fọ aṣọ funfun, ti jẹ ẹ́. Èyí tó dùn mí jù ni pé eegun ọrùn mẹ́fà péré ni mo kà. Àgùnfọn tí ọrùn rẹ̀ gùn tó yẹn gan-an, méje ló ní, bẹ́ẹ̀ náà ni ti ehoro. Ẹni tó tà á ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Irọ́ ni!

Mo bá wá ehoro tó ti kú, mo ní màá ṣe tèmi. Ẹni tó bá ti kun ẹran rí mọ bí a ti ń bó awọ, n kò ní í sọ ìyẹn. Mo di ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan sínú ìbọ̀sẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tirẹ̀ kí eegun wẹ́wẹ́ má baà dàrú, mo rì í sómi títí ẹran fi jẹrà tán. Òórùn náà kò ṣeé sọ.

Ọ̀rá wá ni wàhálà. Mo rẹ eegun sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ ìfọbọ́. Omi dọ̀tí, mo pààrọ̀ rẹ̀. Eegun gbẹ, ó funfun, inú mi dùn. Kò pẹ́, oríkèé itan tún pọ́n, ọ̀rá tún ń sun jáde. Mo tún dá a padà sínú ọṣẹ. Ó tún sun!

Àwọn kan ní kí n sè é kó lè yá. Ẹ má dán an wò: omi híhó ń ti ọ̀rá wọnú eegun ni, ó sì ń yọ́ collagen, èròjà inú eegun tó dì í mú. Mùdùnmúdùn inú eegun gígùn ló ń bá mi jà. Ìgbà tí mo lu ihò tín-ín-rín sí ìpẹ̀kun eegun itan méjèèjì ni ó tó rọ́nà jáde. Tí mo bá tún máa ṣe é, ihò yẹn ni màá kọ́kọ́ lù, kí n tó fọwọ́ kan ọṣẹ rárá. Hydrogen peroxide 3%, kẹ́míkà olómi tó ń sọ nǹkan di funfun, ló parí fífunfun rẹ̀.

Ẹ wo agbárí náà! Lẹ́yìn eyín iwájú òkè, eyín kékeré méjì mìíràn fara pamọ́ síbẹ̀. Eku kò ní in. Eegun ìhà pé 12 lápá kọ̀ọ̀kan. Èjìká ló tún fẹ́ bí mi nínú, nítorí kò so mọ́ eegun ẹ̀yìn rárá, iṣan ló ń gbé e dúró. Wáyà ni mo fi so ó. Ti òsì wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n n kò ní í tú u mọ́.