Ọjọ́ tí mo rí i pé kámẹ́rà ń dọ̀bálẹ̀

Àbúrò mi obìnrin ló fa ọ̀rọ̀ náà. Fídíò ìnáwó ló ń yà káàkiri Àkúrẹ́, kò sì lè jókòó wo fíìmù kó má dárúkọ Túndé Kèlání, pé iṣẹ́ kámẹ́rà lọ̀gá yẹn ṣe kó tó di olùdarí. Lọ́jọ́ kan, mo ní fíìmù tí a ń wò dùn. Ó ní, "Bọ̀dá mi, kí ni kámẹ́rà ṣe tó fi dùn?" Ẹnu mi wọhò.

Mo mú ìwé àti bírò. Ìran tí mo yàn kò ju ìṣẹ́jú 4 lọ: ọba lórí ìtẹ́, ẹmẹsẹ̀ kan wá jíṣẹ́. Ohun tí mo kọ kò ju "ọba bínú, ẹmẹsẹ̀ bẹ̀bẹ̀" lọ.

"Ìtàn lẹ kọ, ẹ ò kọ àwòrán." Ó gba rìmóòtù, ó pa ohùn.

Bí ohùn ṣe lọ ni ojú mi là. Níbi tí àwòrán bá ti yí, mo dá a dúró, mo fa ìlà: ṣé kámẹ́rà súnmọ́ àbí ó jìnnà? Òkè ló wà àbí ìsàlẹ̀? Ó ń rìn àbí ó dúró? Ìlà 31 ni mo fà. Ti òkè àti ìsàlẹ̀ kò ṣòro fún ọmọ Yorùbá. Ẹni tó dọ̀bálẹ̀, ìsàlẹ̀ ló ti ń wo àgbà. Kámẹ́rà tí wọ́n gbé sí ìtòsí ilẹ̀, tó gbójú sókè wo ènìyàn, ó dọ̀bálẹ̀ fún un nìyẹn. Nígbà tí ìran náà máa fi parí, ẹmẹsẹ̀ ni kámẹ́rà ń dọ̀bálẹ̀ fún! Òkè ni wọ́n ti ń wo kábíyèsí. Mo ti wo fíìmù yẹn lẹ́ẹ̀mẹta, n kò fura.

Súùmù ló dà mí láàmú. Mo kọ ọ́ pé kámẹ́rà rìn lọ bá ọba. Àbúrò mi ní kò kúrò lójú kan, lẹ́ǹsì ló fà á mọ́ra. A jiyàn títí. Mo ní tí mo bá jẹ̀bi, èmi ni n ó san owó ọkọ̀ dé Ìdànrè, níbi tó ti fẹ́ fi hàn mí.

A débẹ̀ ní Sátidé. Ó kọ ẹ̀yìn sí àpáta. Mo súnmọ́ ọn, mo yà á láìlo súùmù: òun tóbi, àpáta kéré. Mo wá fẹ̀yìn rìn tó ìṣísẹ̀ 40, mo fi súùmù fà á títí ó fi tóbi bíi ti àkọ́kọ́. Àpáta ọ̀hún dìde lẹ́yìn rẹ̀ bí ògiri! Téèyàn bá rìn lọ, ẹni tó wà nítòsí ló ń yára tóbi, ẹ̀yìn rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí. Súùmù ní tirẹ̀ ń fa gbogbo wọn pọ̀ ni.

A padà sílé, mo tún tan ìran ọba. Òpó tó wà lẹ́yìn ìtẹ́ ń tóbi bí ọba ṣe ń tóbi. Mo fi bírò pa ohun tí mo kọ rẹ́. Àbúrò mi kò sọ nǹkan kan, ó kàn tẹ́wọ́ fún owó ọkọ̀.