Ẹ Má Fi Fíìmù Ṣáájú Ìwé Yín: Àṣìṣe Àwọn Tó Ń Wá Ìmísí Nínú Sinimá

Àṣìṣe tó ń jẹ àkókò òǹkọ̀wé jù lọ ni kó ní òun fẹ́ wo fíìmù kan kí ara òun lè jí kí òun tó kọ̀wé. Ẹni tó ti ibi iṣẹ́ dé, tó jẹun tán, tó ṣẹ́ ku wákàtí méjì kó lọ sùn, á ṣí YouTube, á wo fíìmù oníwákàtí kan àbọ̀. Kó tó parí, òmíràn ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìtàn ẹlòmíràn ti kún orí rẹ̀, ojú ti ń kún un, tirẹ̀ ò ráyè wọlé mọ́. Ẹ kọ́kọ́ kọ tiyín, ì báà ṣe ìpínrọ̀ méjì, kí ẹ tó tan fíìmù.

Àṣìṣe tó burú jùyẹn lọ lójú tèmi ni kí èèyàn máa fi fíìmù dójú ti ara rẹ̀. Le Scaphandre et le Papillon, tí Julian Schnabel darí, tó jáde ní 2007, ni ọ̀pọ̀ ń lò báyìí. Ìtàn Jean-Dominique Bauby ni, olóòtú àgbà ìwé ìròyìn Elle ní Paris. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1995, àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú. Nígbà tó máa fi lajú, kò lè sọ̀rọ̀, kò lè gbé ọwọ́. Ìpéǹpéjú òsì nìkan ló lè fi bá èèyàn sọ̀rọ̀. Claude Mendibil, obìnrin tó ń bá a kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, á jókòó tì í ní ilé ìwòsàn ní Berck, á máa ka lẹ́tà sí i létí, láti orí èyí tí èdè Faransé ń lò jù: E, S, A, R, I, N. Tó bá kan èyí tí Bauby fẹ́, Bauby á ṣẹ́jú. Bí wọ́n ṣe kọ odidi ìwé tí wọ́n fi ṣe fíìmù náà nìyẹn, ní oṣù Keje sí oṣù Kẹjọ ọdún 1996. Ìwé náà jáde ní oṣù Kẹta 1997, oṣù yẹn náà ni Bauby kú.

Ẹni tó bá wò ó á sunkún, á ní, "Ojú kan lọkùnrin yìí fi kọ̀wé, kí lèmi tí mo ní ọwọ́ méjì ń ṣe?" Ìtìjú yẹn kì í dọ̀la. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ó ti lọ, iṣẹ́ ṣì wà níbi tí wọ́n fi í sí. Ọ̀nà tí Bauby gbà ṣiṣẹ́ ló yẹ ká mú níbẹ̀. Kí Mendibil tó dé lójúmọ́, Bauby ti to gbólóhùn rẹ̀ sínú orí, ó ti yọ ọ̀rọ̀ kan, ó ti fi òmíràn kún un, ó ti há ìpínrọ̀ náà sórí. Tí obìnrin náà bá jókòó báyìí, ó kù kó pè é fún un ni. Ẹni tó ń wọ danfo lójoojúmọ́ lè ṣe èyí. Ẹ to gbólóhùn àkọ́kọ́ nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Ọ̀jọ́ta, ẹ tún un tò títí ẹ ó fi dé Kẹtu, tí ẹ bá wọlé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó bọ́ bàtà.

Ẹ tún ṣọ́ra fún fíìmù tó ń sáré kọjá lórí iṣẹ́. Nínú Rocky, ti ọdún 1976, orin á bẹ̀rẹ̀, afẹ̀ṣẹ́jà inú rẹ̀ á sáré káàkiri ìgboro Philadelphia, ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn náà, ara rẹ̀ ti le koko. Fíìmù tó dá lórí òǹkọ̀wé náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá gbà á gbọ́ á máa rò pé òun ò lẹ́bùn nígbà tí orí kẹta bá gbà á lóṣù mẹ́ta. Ẹ̀bùn kọ́ ló wọ́n, bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyẹn. Wọ́n máa ń sọ pé ọjọ́ mẹ́ta àbọ̀ ni Sylvester Stallone fi kọ Rocky. Òótọ́ ni, àmọ́ àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn. Ó tún un kọ léraléra kí wọ́n tó yà á.

Àwọn kan ń dúró de ibi tó dákẹ́. The Shining, tí Stanley Kubrick gbé jáde ní 1980, yẹ kó ti yanjú ọ̀rọ̀ yẹn. Jack Torrance, òǹkọ̀wé inú rẹ̀, ní hótẹ́ẹ̀lì ńlá lórí òkè fún odidi ìgbà òtútù, kò sí àlejò, kò sí aládùúgbò. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ wo òkìtì bébà tó ti tẹ̀, gbólóhùn kan náà ló kún gbogbo rẹ̀. Ìdajì wákàtí tí ẹ bá rí láàárín ẹkún ọmọ àti ariwo jẹnẹrétọ̀, ẹ lò ó.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti àwa tó ń kọ Yorùbá: a ti ń kọ ìwé bí ẹni ń ya fíìmù. Mo máa ń ka iṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́, mo sì ń rí irú èyí: "Ó wọlé. Ó jókòó. Ó wo ojú fèrèsé. Omijé bọ́ lójú rẹ̀." Kí ló ń rò? Òǹkọ̀wé ò sọ, torí pé kámẹ́rà ò lè sọ ọ́. Ọdún 1974 ni Ó Le Kú ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá jáde ní ìwé. Ọdún 1997 ni Túndé Kèlání sọ ọ́ di fíìmù. Ohun tójú rí ni fíìmù náà gbé yọ dáadáa, débi pé ìró péńpé tí àwọn òṣèrébìnrin wọ̀ tún gba ìgboro kan. Àmọ́ inú ìwé la ti ń bá Àjàní wọnú ọkàn rẹ̀ lọ, níbi tí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta tó ń fẹ́, Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé, ti ń dà á láàmú.

Nítorí náà, ẹ má kàn wo fíìmù kí ẹ dìde. Ẹ mú ibì kan ṣoṣo nínú rẹ̀ tí òṣèré ti dákẹ́, kí ẹ fi ojú ewé kan kọ ohun tó ń lọ lọ́kàn rẹ̀ lásìkò yẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ìwé tiyín, ẹ wá ibi tí èèyàn inú ìtàn yín ti wo ojú fèrèsé, kí ẹ bi í ní ohun tó ń rò.