Kẹ̀kẹ́ Ọmọ Mi Tó Ń Bá Mi Lọ sí Oko

Owó kajú odidi sáà kan ni mo kó fún oníṣòwò kan ní Ìlọrin kó lè ta kẹ̀kẹ́ arọ fún mi. Òjò ọdún yẹn ò tíì dá tí ẹsẹ̀ iwájú kẹ̀kẹ́ náà fi ká. Táyà pẹ́ńpẹ́ méjì tó wà níwájú rẹ̀, ilẹ̀ sìmẹ́ńtì ni wọ́n ṣe é fún. Ní Ìsánlú ní ìpínlẹ̀ Kogí tí mo wà, iyanrìn, òkúta wẹẹrẹ àti ojú àgbàrá ló wà lọ́nà oko. Bí mo bá ṣe ń tì í ni táyà iwájú ń rì, tí ọmọ sì ń dojú délẹ̀. Mo pe oníṣòwò náà. Ó ní ọjà tó bá ti kúrò ní ṣọ́ọ̀bù òun kì í padà wá. Inú ń bí mi di òní olónìí.

Ọmọ náà ti lé ní ọdún mẹ́jọ. Ibà pọ́njú (jaundice) ló mú un ní ọ̀sẹ̀ tí a bí i, ó sì ba ibi tó ń darí iṣan jẹ́ nínú ọpọlọ rẹ̀. Cerebral palsy ni wọ́n pè é ní ọsibítù. Ó ń gbọ́ ohun tí a bá sọ, ẹ̀rín rẹ̀ pọ̀, àmọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kì í dúró. Ìyá ọkọ mi ló ń bá mi jókòó tì í tí mo bá lọ oko, màmá sì ti dàgbà, agbára wọn ò gbé e mọ́. Igbó ń bo ẹ̀gẹ́ mi mọ́lẹ̀, kajú ń jábọ́, ewúrẹ́ ń jẹ ẹ́. Mo ní tí ọmọ ò bá lè dúró sílé, kó bá mi lọ.

Físíò kan, ìyẹn oníṣègùn tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú iṣan àti oríkèé, ló kọ́kọ́ là mí lóye. Ó ní láti ọdún 2008 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kọ ọ́ sínú ìlànà wọn pé kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ bá ara ẹni tó máa jókòó sí i mu, kó sì bá ilẹ̀ tó máa rìn mu. Ó fi téèpù wọn ọmọ náà láti ìdí dé ẹ̀yìn orúnkún, ó yọ ìwọ̀n ìka méjì kúrò kí etí ìjókòó má baà máa ha á lẹ́sẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin náà wá rí iṣẹ́ ará Amẹ́ríkà kan, Ralf Hotchkiss, lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Òun fúnra rẹ̀ ń lo kẹ̀kẹ́ arọ, ó sì ti pẹ́ tó ti ń ṣe irú èyí tí wẹ́dà ìgbèríko lè rọ. Táyà iwájú tirẹ̀ fẹ̀, ó sì jìnnà síwájú, kẹ̀kẹ́ kì í tètè tàkìtì. A fi táyà bárò kan ṣoṣo síwájú, a fi táyà kẹ̀kẹ́ ológeere méjì sẹ́yìn. Páìpù, fóòmù àti bẹ́líìtì ìdí kò le rí rà.

Ọ̀pá àárín táyà ẹ̀yìn ló fojú mi rí màbo.

Kẹ̀kẹ́ ológeere máa ń di ọ̀pá yẹn mú lápá méjèèjì ni. Ti arọ, apá kan ṣoṣo ló ń dì í mú, gbogbo ìwúwo ọmọ sì wà lórí ọ̀pá tín-ín-rín yẹn. Mo sọ fún wẹ́dà. Ó ní, “Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀, iṣẹ́ wa nìyí.” Ó jó o pọ̀, ọ̀pá tẹ̀. Ó ní ọ̀nà ló burú. Ó jó òmíràn, òun náà tẹ̀, táyà méjèèjì wá ya ẹsẹ̀ sóde. Lẹ́yìn náà ló ní kí òun fi irin gbá táyà lóde kó lè di ọ̀pá mú lápá kejì. Ó dúró dáadáa lóòótọ́, àmọ́ kẹ̀kẹ́ ò gba ẹnu ọ̀nà wọlé mọ́! Ṣé gbọ̀ngán ìlú ni kí ọmọ mi máa sùn ni? Mo ní kó tú u.

Mekáníìkì ọ̀kadà kan ló yanjú ẹ̀. Ó ní ká fi bẹ́árìn 6202, òrùka irin tó ní bọ́ọ̀lù wẹẹrẹ nínú tó ń jẹ́ kí táyà yí geere, sínú họ́ọ̀bù, ìyẹn àárín táyà, èyí tí ihò rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 15, ká sì gé ọ̀pá irin líle tó bá a mu. Ìyẹn gba lééìtì, ẹ̀rọ tó ń yí irin bí wọ́n ṣe ń gé e, lééìtì sì ń fẹ́ iná tó lágbára. Ní ilé lééìtì ní Kàbà, iná ò sí. Mo padà lọ, iná wà, kò tó. Mo lọ, mo bọ̀, títí ọ̀gá lééìtì fúnra rẹ̀ fi sọ pé tí mo bá lè ra dísù sínú jẹnẹrétọ̀, kí n jókòó. Mo ra dísù, mo jókòó. Ojú mi ló ṣe gé ọ̀pá méjèèjì, ó sì ń fi kálípà wọ̀n ọ́n níkọ̀ọ̀kan. Bẹ́árìn wọlé wọ́ọ́rọ́. Ọ̀pá yẹn ò tíì tẹ̀ títí di àkókò yìí, mo sì ti fi kẹ̀kẹ́ náà gun òkè Ìdí Àgbọn tó wà lẹ́yìn oko wa.

Ní báyìí, abẹ́ igi kajú ni ọmọ mi ń jókòó, pákó pẹlẹbẹ wà níwájú rẹ̀. Mo da kóró kajú lé e, ó ń fi ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn ti èyí tó ti bàjẹ́ dànù. Ó lọ́ra, àmọ́ kì í ṣì í mú. Ẹni tó ń wá ra kajú lọ́wọ́ mi mọ̀ ọ́n. “Okun o, ọ̀gá mi,” ló fi ń kí i.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe irú ẹ̀, ilé lééìtì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ, kẹ́ ẹ tó dé ọ̀dọ̀ wẹ́dà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó yín tán kó tó fi kẹ̀kẹ́ rìn lójú yín lórí òkúta, pẹ̀lú ẹrù nínú rẹ̀. Tí ẹ bá gbé ọmọ sọ̀ kalẹ̀, ẹ wo ìdí àti ẹ̀yìn rẹ̀: ibi tó bá pọ́n tí kò tètè wálẹ̀, fóòmù ibẹ̀ ti pẹlẹbẹ jù, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kó tó di egbò. Bíréèkì ló kù tí mo fẹ́ fi sí tèmi, òkúta ni mo ṣì fi ń há táyà. Mekáníìkì yẹn ti gbà á, mo sì ti san ìdajì owó.